Ilà Inú Dígí Yín

Bàbá mi, olùkọ́ mi àkọ́kọ́,

Láti Kàbbà ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ìlú tí mi ò rò pé ẹ dé rí. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò bá mi fi lé yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mi ò lè bá Màmá sọ, mi ò sì tíì ní ọ̀rẹ́ kan níbí tí mo lè sọ ọ́ fún. Ẹ̀yin ló kù. Ọ̀rọ̀ skóòpù yín ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe wà. Ara mi le, mo sì ń jẹun. Ilé-ẹ̀kọ́ tó gbà mí láti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ iná kò tóbi. Òkè yí ìlú ká, òórùn káṣú tó pọ́n ni afẹ́fẹ́ sì ń gbé kiri lásìkò yìí. Gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ló ń kí mi pé okun. Láàárọ̀, okun. Bí mo bá gbé omi, okun. Bí wọ́n bá bá mi níbi tí mo jókòó sí tí mi ò ṣe nǹkan kan, okun náà ni. Níbẹ̀rẹ̀, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a lóhùn, mo kàn ń kúnlẹ̀ ni, àwọn ọmọdé á sì máa wò mí. Bí wọ́n bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ìdajì ni mo ń gbọ́. Bí wọ́n bá kọjú sí mi, wọ́n á yí ohùn padà sí irú tiwa, kí ó lè yé mi. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń pè mí, bí mo tilẹ̀ sọ fún wọn pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti wá. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú, Bàbá. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè wà láàárín àwọn tó lawọ́ kó sì dá wà síbẹ̀. Ẹ mọ̀ mí. Ẹ̀yìn ni mo ń jókòó sí nínú kíláàsì, ọwọ́ àwọn ẹlòmíì ni mo ń wò.

Mo gbé skóòpù yín wá síbí. Nígbà tí Màmá fẹ́ dá ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe padà fún onílé, àwọn ẹlẹgbẹ́ yín wá, wọ́n sì mú ohun tó wù wọ́n nínú irinṣẹ́. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan skóòpù. Ó wúwo, ó ti gbó, òjò sì ti gba ara páànù tó ń jò dà sínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a ti ilẹ̀kùn pa lẹ́yìn ikú yín, tí kò sí ẹni tó láyà láti wọlé. Mo ní kí wọ́n fún mi. Orí itan ni mo gbé e lé láti Ìlọrin. A gba Òmù-Àrán, a gba Ẹ̀gbẹ́, gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà ni mo fi itan gbà fún un. Obìnrin kan tó jókòó tì mí nínú mótò wò ó títí.

“Ọmọ mi, tẹlifíṣọ̀n wo lojú rẹ̀ kéré tó báyìí?”

Mo ní kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n, pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo bí iná ṣe ń rìn nínú wáyà ni.

Ó tún wò ó. “Iná tí kì í sí nílé mi yìí, ṣé ó lè bá mi wo ibi tó rìn lọ?”

Gbogbo mótò rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì di ẹ̀rọ yín mú dáadáa.

Ilé Màmá Dọlápọ̀ ni mo gba yàrá sí. Opó ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì ń sin adìẹ lẹ́yìn ilé. Mo gbé skóòpù lé orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Mi ò tan án, nítorí kò lè tàn. Kí n tó kúrò nílé ni mo ti tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò: tiransifọ́mà rẹ̀ ti dípẹtà, wáyà inú rẹ̀ ti já. Tiransifọ́mà ló ń bu iná fún gbogbo ara yòókù, irú rẹ̀ kò sì sí lọ́jà mọ́. Mo kàn ń nu ara rẹ̀ láràárọ̀ ni. Bọ́tìnnì tí ẹ máa ń yí jù ti dán níbi tí àtàǹpàkò yín máa ń wà. Mo máa ń fi tèmi síbẹ̀ nígbà míì. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo rí èkejì rẹ̀.

Ó wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn lábù wa, eruku ti bò ó. Mo fi ọwọ́ nù ún. Irú tiyín gan-an ni, Bàbá, bọ́tìnnì kan náà, àwọ̀ kan náà. Ohun tó ṣe tiwọn ni pé wọ́n já a sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kó lábù kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, dígí ojú rẹ̀ sì fọ́. Láti ìgbà náà ni olùkọ́ ti ń fi ṣọ́ọ̀kì ya ìgbì iná sójú pátákó, tí àwa náà ń yà á sínú ìwé. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti ya ìgbì títí ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n, wọn ò tíì rí ọ̀kan. Èmi ti rí i. Kí n tó mọ ìwé kà, lórí bẹ́ǹṣì yín, ẹ so wáyà mọ́ rédíò kan, ẹ sì fi bí ohùn tó ń jáde nínú rẹ̀ ṣe rí hàn mí. Mo rò nígbà náà pé gbogbo bàbá ló lè fi ohùn han ọmọ rẹ̀.

Ọ̀gá Dáre ló ń tọ́jú lábù. Ará Ẹ̀kìnrìn-Àdé ni, ó gùn, kì í sì í lè dákẹ́. Ó pẹ́ kí n tó lè bá a sọ̀rọ̀. Mo rìn dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo padà, mo tún rìn débẹ̀. Òun ló pè mí wọlé.

“Ọmọ Ọ̀yọ́, ṣé o fẹ́ ra ilẹ̀kùn yẹn ni?”

Mo sọ ti skóòpù yín fún un. Ó ní kí n gbé e wá. Ó tú u wò, ó tún tú tiwọn wò, ó sì jókòó.

“Tìẹ ríran, kò lè rìn. Tiwa lè rìn, kò ríran.”

Mo bi í bóyá a lè yọ tiransifọ́mà tiwọn sínú tiyín.

“Kí n wá sọ pé ta ló gbé ẹrù ìjọba lọ? Ọmọ, ohun tó jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ kì í jáde níbí. Dígí ni kó wọlé wá. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, ohun tó bá ti wọ inú àpótí yìí, kò tún jáde mọ́. Bí o bá parí ẹ̀kọ́ rẹ, ìwọ nìkan lo máa lọ.”

Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn, Bàbá. Bí mo bá fẹ́ kí dígí yín tún ríran, mo gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò nínú àpótí yín, kí n sì fi í sílẹ̀ fún ìlú tí kò mọ̀ yín. Bí mo bá sì fẹ́ kí ohun yín wà lódidi lọ́dọ̀ mi, yóò wà lódidi, yóò sì fọ́jú. Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Mo bi yín lórí ibùsùn, mo bi yín lójú ọ̀nà. Ẹ kò fèsì.

Àwọn tó fèsì kò ràn mí lọ́wọ́. Táyọ̀, ọmọ kíláàsì mi kan tí kò ní wàhálà, fi nǹkan kékeré kan tó tó páálí ìṣáná hàn mí. Ó so ó mọ́ fóònù rẹ̀, fóònù náà sì di skóòpù.

“Wò ó, àpò ṣòkòtò ló ń gbé. Kí lo fẹ́ fi àpótí yẹn ṣe? Ṣé o ń fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ru ẹrù ni?”

Òótọ́ ló wí. Ẹ̀rọ yín wúwo, ó ń gbóná, ó ń jẹ iná, iná sì ni nǹkan tí a kì í rí jẹ níbí. Olórí ẹ̀ka wa pàápàá, tí í ṣe obìnrin tó máa ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀, sọ fún mi pé kí n má fi àkókò ìwé mi ṣòfò lórí ohun tí ayé ti fi sílẹ̀. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀gàn. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti rí ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀ rí.

Kí n tó fọwọ́ kan tiyín, mo fẹ́ mọ̀ bóyá tiwọn ṣì ń mí lóòótọ́. Ẹ rántí gílóòbù tí ẹ máa ń so sáàárín iná àti tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n bá gbé wá? Bí gílóòbù bá tàn yòò láìdínkù, wáyà ti kan ara wọn nínú ẹ̀rọ. Bí ó bá tàn, tó sì rọra rẹ̀wẹ̀sì, ẹ̀rọ náà ń gba iná bó ṣe yẹ. Irú gílóòbù àtijọ́ tó máa ń gbóná ló ń ṣe é, ti òde òní kò lè ṣe é. Mo wá a káàkiri ọjà Kàbbà. Àwọn tó ń ta nǹkan iná ní àwọn ti gbàgbé bó ṣe rí. Nígbà tí mo padà délé láìrí i, mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, mo sì rí ìmọ́lẹ̀ pupa tó ń yọ láti inú ilé òròmọdìẹ Màmá Dọlápọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn gílóòbù náà wà, wọ́n so kọ́ lókè, àwọn òròmọdìẹ kó ara wọn jọ sábẹ́ wọn.

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yá mi ní ọ̀kan.

“Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé òtútù ń mú ọ ni?”

Mo ṣàlàyé títí. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì tú ọ̀kan fún mi.

“Bí òròmọdìẹ mi kan bá kú, ẹ̀rọ bàbá rẹ ni màá pa jẹ. Sọ fún un bẹ́ẹ̀.”

Mo ti wá sọ fún yín.

A so gílóòbù náà, Ọ̀gá Dáre tan iná. Ó tàn yòò. Lẹ́yìn náà ó rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ku pupa fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Àpótí ilé-ẹ̀kọ́ wà láàyè. Àwọn àgbá kékeré tó ń tọ́jú iná nínú rẹ̀ ló gbẹ, a sì rí àwọn míì yọ lára àwọn ẹ̀rọ tó ti kú pátápátá. Mo fi òjé jó wọn mọ́ ibi tó yẹ fúnra mi, bí ẹ ṣe kọ́ mi, mo sì fi ọwọ́ kan sẹ́yìn nígbàkigbà tí iná bá wà nínú rẹ̀, kí ó má bàa gba àyà mi kọjá. Ọ̀gá Dáre bi mí ta ló kọ́ mi pé kí n máa fọwọ́ sẹ́yìn bí ọlọ́pàá. Mo ní bàbá mi ni.

Kò wá ku nǹkan míì ju dígí yín lọ.

Ọ̀sán Sátidé ni, lábù dákẹ́. Mo tú àwọn ìdè kéékèèké tó di ojú skóòpù yín mú, mo yọ ike aláwọ̀ ewé tó bo dígí náà, mo sì fà á jáde jẹ́jẹ́. Mi ò tíì rí ojú rẹ̀ lásán rí. Ẹ̀yìn ike yẹn ló ti wà láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo gbé e sórí ẹsẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tuntun, mo sì rí ilà kan. Ilà tín-ín-rín, aláwọ̀ tíì, tó là á láàárín gbọọrọ láti òsì dé ọ̀tún. Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Mo fi etí ìborùn mi nù ún. Mo mí sí i, mo tún nù ún.

“Má dà á láàmú,” ni Ọ̀gá Dáre wí. “Inú ló wà. Ó ti jó.”

“Kí ló jó o?”

“Ilà iná náà fúnra rẹ̀. Bí ìgbì bá ń lọ sókè sódò, kì í pẹ́ lójú kan débi tó máa jó o. Èyí tó bá dúró gbọin ló ń jó dígí. Wọ́n ń tan án sílẹ̀, wọn ò sì so nǹkan kan mọ́ ọn.”

“Ó máa pẹ́ tó ìgbà wo kó tó rí báyìí?”

“Èyí tó jinlẹ̀ tó yìí? Ọdún mélòó kan o. Ẹni tí iṣẹ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í—”

Ó wo ojú mi. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ ṣa ìdè kan, bẹ́ẹ̀ ni ìdè kankan kò já bọ́.

Bàbá, mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú dígí yín lórí ẹsẹ̀ mi. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń wọlé nírọ̀lẹ́, tí Màmá á gbé omi fún yín, tí ẹ ó fọwọ́ nu ojú tí ẹ ó sì sọ pé iṣẹ́ pọ̀ lónìí. Màmá á ní kí a má pariwo, pé ó ti rẹ̀ yín. A ó máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ẹ ó sọ fún wa nípa tẹlifíṣọ̀n olórí kunkun kan tó jẹ́ kí ẹ dúró látàárọ̀. Mo fẹ́ràn àwọn ìtàn yẹn. Ní àwọn ọdún yẹn, gbogbo àdúgbò ti ra tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tí wọn kì í gbé lọ fún àtúnṣe, èyí tí wọ́n ń gbé jù nù bó bá bàjẹ́. Ojú mi là sílẹ̀, mo rí wọn nínú gbogbo ilé. Kò sọ sí mi lọ́kàn láti bi ara mi pé àwọn wo ló kù tí wọ́n ń gbé wá fún yín.

Bí mo bá ń bọ̀ láti ilé-ìwé, láti òdìkejì títì ni mo ti máa ń rí ilà aláwọ̀ ewé náà tó ń tàn nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Mo rò pé ẹ ń ṣiṣẹ́. Ṣé nítorí bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń tan án sílẹ̀? Kí ẹni tó ń kọjá lè rò pé nǹkan ń lọ? Àbí nítorí ti èmi tó ń kọjá? Kí ni ẹ ń rò, bí ẹ ṣe jókòó sójú ilà tí kò mì? Ṣé Màmá mọ̀? Èyí ni mi ò lè bi í, Bàbá. Bí kò bá mọ̀, ta ni mo jẹ́ tí màá fi sọ fún un? Bí ó bá sì mọ̀, tí ó sì ń bá yín fi omi tútù sílẹ̀ lójoojúmọ́ bí ẹni pé iṣẹ́ ló rẹ̀ yín, mi ò fẹ́ kó mọ̀ pé mo ti wà láàárín ohun tí ẹ jọ fi pamọ́.

Ọ̀gá Dáre fi omi tíì sórí iná, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tó padà wá, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

“Dígí yìí kò pé mọ́. Bí o bá fẹ́, gbé e lọ sílé. Màá sọ fún wọn pé kò bá tiwa mu. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ léèrè.”

Ó fẹ́ràn mi ló ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Mo sì fẹ́ gbé e lọ. Mo fẹ́ dì í sínú aṣọ, kí n máa wo ilà yẹn nígbà tí mo bá fẹ́. Kò sí fọ́tò tó fi yín hàn tó bẹ́ẹ̀. Nínú fọ́tò, ẹ máa ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo ro bó ṣe máa wà nínú yàrá mi: yóò jókòó sórí tábìlì, kò ní sí nǹkan tí wọ́n so mọ́ ọn, yóò máa retí. Ó ti retí tó. Èyí tó ṣe lọ́dọ̀ yín ti tó o.

Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀.”

Ọ̀gá Dáre nu ọwọ́, ó sì bá mi di ẹ̀gbẹ́ kan dígí náà mú.

Ó tàn, Bàbá. Ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò ní jí, lẹ́yìn náà ilà náà yọ, aláwọ̀ ewé bíi ti tẹ́lẹ̀, àárín rẹ̀ sì ṣókùnkùn níbi tó ti jó. Mo rọra yí bọ́tìnnì kan, mo sì gbé e kúrò lórí àpá náà kíákíá. Nígbà tí kíláàsì wọlé, Táyọ̀ so fóònù rẹ̀ mọ́ ọn, ó ṣí orin kan. Ohùn akọrin náà di òkè, ó di àfonífojì, ó ń fò kọjá lórí ilà yín, ibi tó bá ti pàdé rẹ̀ á ṣú fìrí kó tó tún mọ́lẹ̀. Olórí ẹ̀ka náà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ rí bi mí pé kí ni ilà dúdú àárín yẹn. Mo ní àpá ni. Ó ní kí n sún fún òun kí òun lè rí i dáadáa, ó sì jókòó tì mí.

Bí ẹnì kan bá bi mí bóyá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó wàhálà tí a ṣe lórí rẹ̀, mi ò lè fi ìṣirò gbè é. Nǹkan kékeré tó wà lórí fóònù Táyọ̀ ń rí jìnnà jù ú lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìyẹn ni mo rà, n kì bá tí yọ dígí yín láé. Ǹ bá dàgbà, ǹ bá darúgbó, ǹ bá ṣì máa sọ fún àwọn ọmọ mi pé iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́rùn bàbá mi. Mo fẹ́ràn yín nígbà tí mo gbà á gbọ́. Nísinsìnyí tí mo ti mọ̀, mi ò mọ orúkọ tí màá pe ohun tó wà lọ́kàn mi.

Àwọn ọmọ ọdún kìíní pàápàá ti ń wá báyìí. Wọ́n ń tò síwájú dígí yín, wọ́n ń ti ara wọn, kálukú fẹ́ wo ohùn tirẹ̀. Ọ̀gá Dáre ń ráhùn pé òun kì í rí àyè pa á kí òun lọ jẹun. Iṣẹ́ pọ̀ fún dígí yín, Bàbá. Lọ́tẹ̀ yìí, òótọ́ ni.

Èmi ni ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín ju bó ṣe mọ̀ ọ́n sọ lọ.